Orúkọ Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní Kíkún

Ọjọ́ tí Ṣèyífúnmi kọ́kọ́ rí Múyìíwá, àpò oúnjẹ adìyẹ ló gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó ga bí òpó, ó tẹrí ba kó tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù tí Ṣèyífúnmi ti ń tẹ̀wé fún àwọn ará Ìwó, ó sì da àpò náà sórí tábìlì. Ìwé ló tú jáde: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn. Ìyẹ́ adìyẹ kan fò sókè, ó rọra bà lé kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàsán. Lọ́yà ní kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Mo fẹ́ lọ sọ fún ilé ẹjọ́ ní Òṣogbo pé gbèsè ti bò mí mọ́lẹ̀, apá mi ò ká a mọ́."

Ṣèyífúnmi wò ó. Arẹwà ọkùnrin ni. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí i nínú.

Àrùn ló wọ ọgbà adìyẹ Múyìíwá ní Olúpọ̀nnà. Ẹgbẹ̀fà adìyẹ kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbèsè tó fi ń bọ́ wọn kò bá wọn kú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ilé ẹjọ́ ní kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ní gbèsè ní kíkún, pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ṣèyífúnmi ka èyí tó kọ wá: Ìyá Dúró. Àlàájì Onípákó. Bàbá Aláwò-Ojú. Ìyá Pẹ̀lẹ́, Ilé-Ogbó.

"Ta ló ń jẹ́ Ìyá Pẹ̀lẹ́?"

"Ìyá tó ń ta àgbàdo oúnjẹ adìyẹ fún mi ni. Ẹ kí wọn, 'pẹ̀lẹ́.' Ẹ ò rówó san, 'pẹ̀lẹ́.' Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń fún mi láwìn."

"Adájọ́ ò mọ Pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ béèrè orúkọ wọn."

"Kí n wo àgbàlagbà tí mo jẹ lówó lójú, kí n ní kí lorúkọ yín?"

"Ẹ má wò wọ́n lójú. Ẹ dọ̀bálẹ̀ béèrè."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún le lóòótọ́. Ní Ìwó, ilé odídẹrẹ́, ẹyẹ nìkan ló láyà láti pe àgbà lórúkọ. Ni Múyìíwá bá di alálọbọ̀. Tó bá mú orúkọ méjì wá lọ́jọ́ Ajé, á gbàgbé àdírẹ́sì. Tó bá mú àdírẹ́sì wá lọ́jọ́rú, òjò á ti pa bébà. Àlàájì Onípákó lé e jáde, ó ní ṣé ó fẹ́ fi orúkọ òun ṣoògùn ni.

Ṣèyífúnmi á pòṣé. "Olúwa, kí ni mo ṣe fún Ọ?" Síbẹ̀, bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìrí i, gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá dúró lá máa yọjú wò.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ ti bínú sí mi lónìí?" Múyìíwá á béèrè, á gbé ẹ̀pà sísè kalẹ̀.

"N kò tíì bínú. Ẹ jókòó ná, ẹ̀ ń bọ̀ wá mú mi bínú."

Ọjọ́ kan, "ẹ" bọ́ sọnù láàárín wọn, "o" jókòó sípò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá a.

"Ìyàwó ńkọ́?" Ṣèyífúnmi bi í. "Fọ́ọ̀mù ló ń béèrè o, kì í ṣe èmi."

"Sọ fún fọ́ọ̀mù pé kò sí. Sọ fún un pé mo ti rí ẹni tí mò ń wò."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì kan, ó mú orúkọ tó kẹ́yìn dé. "Mo ti rí ti Ìyá Pẹ̀lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ àwọn mọ́." Ó ka á: "Agnes Àdùkẹ́ Ajíbóyè, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, Ilé-Ogbó."

Ọwọ́ Ṣèyífúnmi dúró gbagidi.

"Ìyá mi nìyẹn."

"Ìyá tó bí ọ?"

"Wọn ò sọ pẹ̀lẹ́ fún mi rí láyé mi. Àṣé ìwọ ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ fún."

Ṣèyífúnmi kò lè fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀: gbèsè, ìwé, ìfẹ́, ó sọ gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù, gèlè wọn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Múyìíwá ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

"Ìwọ lo fẹ́ fi ìwé pa owó mi, tí o tún fẹ́ gbé ọmọ mi lé e?"

"Ohun tó bá kù lọ́wọ́ mi, ilé ẹjọ́ á pín in fún gbogbo yín ni, Mà."

"Gbọ́. Yọ orúkọ mi nínú ìwé yẹn. Èmi àtìwọ á yanjú tèmi ní kọ̀rọ̀, màá sì fún ọ lọ́mọ."

Ṣèyífúnmi yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan péré ni yóò pa rẹ́, ọkọ dé nìyẹn. Ìka rẹ̀ ti sún mọ́ bọ́tìnnì, inú sì bí i sí ìka náà.

Múyìíwá kò gbórí sókè. "Mo fẹ́ràn Ṣèyífúnmi, Mà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo máa búra pé gbogbo ẹni tí mo jẹ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá yọ yín, èké ni mo búra. Ẹ jẹ́ kórúkọ yín wà níbẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá ní gbèsè ti bọ́ lọ́rùn mi, tiyín ò tíì bọ́. Bó pẹ́ bó yá, màá san án."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń wá owó lọ, tí a bá pàdé iyì lọ́nà, ká máa padà sílé. Ìyá Pẹ̀lẹ́ wò ó títí.

"Bàbá ọmọ yìí fi gbèsè pamọ́ fún mi títí wọ́n fi kú," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọjọ́ ìsìnkú ni mo gbọ́."

Wọ́n fa àga, wọ́n mú báírò lórí tábìlì, wọ́n fa bébà kan sọ́dọ̀.

"O ti béèrè tèmi, ó kàn mí. Orúkọ rẹ ní kíkún. Oríkì. Ilé bàbá. Ilé ìyá. Má gbàgbé àdírẹ́sì, mo gbọ́ pé o máa ń gbàgbé ẹ̀."

"Múyìíwá Àkànní Ògúnkúnlé, Mà."

"Àkànní. Ọmọ Ògún tó kúnlé láìkún fún irọ́." Wọ́n kọ ọ́. "Pẹ̀lẹ́, dìde. Ilẹ̀ ti ba aṣọ rẹ jẹ́." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ náà, Àṣàbí mi, pẹ̀lẹ́."

Ṣèyífúnmi fẹ́ fèsì, omijé ló dá a lóhùn. Ó kán tótó sórí ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, ó ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́.

Ó pòṣé, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tẹ̀ láti òkè.