Súìtì Sàráà

Ọjọ́ tí Fuad kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú, ìwé pélébé kan nípa oúnjẹ àgbáyé ni mò ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Káàdì ló wá gbà, àmọ́ ẹnu tèmi kì í dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé ata rodo tá à ń jẹ yìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Irọ́!"

"Ọlọ́run ń gbọ́! Ní Japan, ẹja kan wà tó lè pa èèyàn. Ẹni tó máa gé e gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì."

"Wọ́n sì ń jẹ ẹ́?"

"Owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á!"

Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, kò sì ní nǹkan kan tó fẹ́ tẹ̀. Kó tó di oṣù mẹ́ta, ó ti ń pè mí ní Aláròyé mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Kò sóhun tó yẹ kó dí wa lọ́wọ́ láti fẹ́ra. Mùsùlùmí ni wá, ìpínlẹ̀ Ògùn làwọn òbí wa ti wá, bàbá mi sì ti gbà. Ó ku ìyá Fuad.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló mú mi lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ónípànù. Ìyá náà dì mọ́ mi, wọ́n pè mí ní ìyàwó wa, wọ́n ní kí n bá àwọn di súìtì sínú ọ̀rá. Súìtì rírọ̀ ni, èyí tó máa ń fà lẹ́nu. Láti ọdún mẹ́fà tí bàbá Fuad ti kú, gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń pín in fáwọn ọmọ ilé-kéwú, sàráà tí wọ́n ń ṣe fún olóògbé.

Èmi tí mi ò lè rí lẹ́tà kí n má kà á, mo yí páálí rẹ̀ padà.

"Yéè, Màmá! Jẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ síbí o! Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè kó lè rọ̀ báyìí."

Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi ń ṣe sàráà fún ọkọ mi?"

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi. Fuad wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Tẹniọlá, jọ̀ọ́, lọ sọ fún wọn pé o ṣì í kà ni. Wọn ò mọ̀wé."

"Òótọ́ mà ni, Fuad."

"Ṣé òótọ́ lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

Mo bá a lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ṣì í kà. Ìyá wò mí títí.

"Mo ti mú páálí yẹn lọ bá Ààfáà. Wọ́n ní òótọ́ lo sọ, kò sì sẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn mi torí mi ò mọ̀. Àárọ̀ yìí ni mo ní màá ránṣẹ́ pè ẹ́ kí n dúpẹ́. Kí ló dé tó o fi wá ń purọ́ fún mi lórí sàráà ọkọ mi? Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo wo Fuad. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo dúró dè é títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Á dáa. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹ."

Fuad sìn mí dé etí títì. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ó di ọwọ́ mi mú.

"O ṣeun, olólùfẹ́ mi, tó ò dárúkọ mi."

Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Bàríga.