Ẹni Tí Gàfárù Wá Tì Nínú Sinimá

Ràbíátù fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha ọwọ́ títí, aró kò lọ. Ó bu eérú sí i, ó fi kànrìnkànrìn gbo ó, síbẹ̀ ọwọ́ náà ṣì dúdú láti ọmọ ìka dé ọrùn ọwọ́. Sìdí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Má da ara rẹ láàmú," ni Sìdí wí. "Ìborùn wà. Ká ọwọ́ rẹ sábẹ́ rẹ̀, kó o dúró bí ìyàwó olówó. Ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ aláró ni ọ́?"

Òyìnbó kan ló ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà sí agbo ilé wọn ní Pópó Yemọja, ó fẹ́ wá ya sinimá. Kì í ṣe àwòrán tó ń dúró sójú kan o. Èyí tí ènìyàn inú rẹ̀ ń rìn, tó ń ṣẹ́jú ni. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn ló ń yà kiri, iṣẹ́ aró ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá Ràbíátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, ògbufọ̀ òyìnbó náà, ti wá sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá yà á tán, wọn yóò fi hàn ní Mápó. Lẹ́yìn náà wọn yóò gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, wọn yóò máa fi hàn láti ìlú dé ìlú tí rélùwéè gbà kọjá, títí dé Ọ̀fà.

Orúkọ ìlú ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí Ràbíátù fojú kan oorun. Ọ̀fà ni Gàfárù wà.

Ó ti di ọdún méjì tí Gàfárù, ọmọ ahunṣọ tó wà nílé kejì, ti bá iṣẹ́ rélùwéè lọ. Òun kò mọ̀wé, Ràbíátù náà kò mọ̀wé, nítorí náà lẹ́tà kò sí láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn létí ìkòkò aró kò tíì kúrò láyà ọmọbìnrin náà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, aró ń kán sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, ó ní, "Ibi yòówù kí n ti rí ọwọ́ yìí, n ó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dé, ìdí ìkòkò yìí ni n ó ti wá ọ." Láti ìgbà náà, bí òṣùpá bá yọ, Ràbíátù a máa rò ó pé òṣùpá kan náà ló ń ràn lórí Gàfárù, ọkàn rẹ̀ a sì máa fà bí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò.

Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí Gàfárù rí òun, kó mọ̀ pé òun ṣì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n Sìdí ní ọkùnrin tó bá ti rí àwọn ọmọge Ọ̀fà kò ní wo aláró lẹ́ẹ̀mejì. Sìdí ló bá a yá àrán, òun ló bá a yá iyùn, òun náà ló lé tìróò fún un.

Nígbà tó jáde, Ìyá Aláró wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kò pariwo. "Ràbíátù, iṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá yà. Ta ni yóò bá mi pọn omi?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ti òní nìkan."

"Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá o," ni ìyá àgbà wí, ó sì gbé ìkòkò omi ru fúnra rẹ̀.

Òyìnbó dé, ó gbé àpótí tó fi ń ya sinimá ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Oyèdélé ṣàlàyé pé kí oníkálukú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe é, kí wọ́n má wo ojú àpótí, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí àlejò níbẹ̀. Nígbà tó rí Ràbíátù, ó bi í pé ilé ọkọ wo ni wọ́n ń sìn ín lọ. Ó rọ̀ ọ́ pé kó lọ bọ́ iyùn, kó wá sídìí ìkòkò. Ràbíátù kọ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ọwọ́ sábẹ́ ìborùn, ó na ọrùn, ó tẹjú mọ́ àpótí náà láìṣẹ́jú, àfi bí ẹni pé Gàfárù ló jókòó sínú rẹ̀. Èmi rèé, ló ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Wò mí.

Ìyá Aláró ní tirẹ̀ ti gbàgbé àpótí. Omi ló ń dá pọn, aṣọ ló ń rì bọ inú aró, aṣọ ló ń fà yọ, ló ń fún.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, òyìnbó padà dé. Wọ́n ta aṣọ funfun síwájú gbọ̀ngàn ńlá orí òkè Mápó, gbogbo Ọjà'ba sì tú lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oyèdélé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó ń fi ohùn òkè ṣàlàyé, nítorí àwòrán náà kò lè sọ̀rọ̀. Ó sọ iye ìkòkò aró tó wà ní àdúgbò, ó sọ bí wọ́n ti ń sun eérú, ó sọ bí aró ṣe ń pẹ́ tó kó tó kan. Àwọn ènìyàn ń tàkúrọ̀sọ tiwọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ràbíátù yọ lójú aṣọ. Ràbíátù fúnra rẹ̀, láàrin èrò, na ọrùn wò ó.

"Ìyàwó ta nìyí?" ni ọkùnrin kan wí níwájú rẹ̀. "Àbí wọ́n ní kó má mí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ènìyàn, ère ni wọ́n gbé ti ògiri. Kí ẹ̀rín náà tó tán, àwòrán ti kọjá, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Aláró ló yọ tẹ̀ lé e. Ó fa aṣọ jáde nínú aró, omi ń ṣàn lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ṣe bí ẹni gbọ́ ẹsẹ̀ níta, ó gbé orí sókè, ó wo ojú ọ̀nà. Ó wò ó títí, aṣọ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń kọjá kọjá lọ, ó mí, ó sì tún tẹrí ba sídìí ìkòkò.

Oyèdélé pa àlàyé tì, òun náà kọjú sí aṣọ. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà dáwọ́ dúró.

"Ta ni ìyá yìí ń retí?" ni obìnrin kan béèrè, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀.

Ràbíátù mọ̀ ọ́n. Sàlámì ni, bàbá òun. Wọ́n kó o lọ ru ẹrù nínú ogun Jámánì nígbà tí Ràbíátù ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú pa ìyá Ràbíátù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní ti Sàlámì, kò dé, kò sì sẹ́ni tó wá sọ pé ó kú.

Ìyá Aláró, tó jókòó tì í, fọwọ́ kàn án lápá. "Ṣé bí mo ti máa ń wo ọ̀nà nìyẹn?" ló bi í. "N kò mọ̀ o."

Sinimá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ràbíátù kò ka ẹ̀rín àwọn ará Mápó sí. Ó ní wọn kò mọ òun ni, ẹni tó mọ òun ń bẹ ní Ọ̀fà. Sìdí lọ sílé ọkọ ní Bẹẹrẹ, kò yà wá kí i mọ́. Ilé pa rọ́rọ́. Ìró ọkọ̀ ojú irin lókèèrè nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àlejò kan wọlé. Ó ní Ọlátúndé lorúkọ òun, òun àti Gàfárù jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà ni, Abẹ́òkúta sì lòun ń lọ. Ó gbé awọ àgbò kan kalẹ̀, ó ní Gàfárù ló fi rán òun, kí Ìyá Aláró máa kírun lórí rẹ̀. Ràbíátù sáré bu omi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un, ọkàn rẹ̀ ń fò sókè. Àlejò náà gba igbá láìwo ojú rẹ̀, ó kọjú sí ìyá àgbà.

"Ìyá, Gàfárù ní ẹ kú ojú lọ́nà. Ó ní kí ẹ bá òun kí Ràbíátù nílé ọkọ rẹ̀."

Ìyá Aláró bi í pé ilé ọkọ wo. Ọlátúndé wá ń ròyìn bí Gàfárù ti fò dìde nígbà tó rí ìyá náà lójú aṣọ, tó ń pariwo pé ìyá àdúgbò òun nìyẹn. Ó ní nígbà tí ìyá wo ojú ọ̀nà, àwọn tí kò dé Ìbàdàn rí gan-an nu ojú, nítorí àlejò ni gbogbo wọn ní Ọ̀fà, ó sì dà bíi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìyá náà ń wò.

"Ṣùgbọ́n ó wá ọmọ yín títí, kò rí i," ló wí. "Ó ní ọwọ́ rẹ̀ lòun ń wá. Nígbà tó rí i pé ẹ̀yin lẹ ń dá omi pọn, ó ní ó parí, wọ́n ti gbé e níyàwó. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn àwẹ̀, wọ́n so yìgì òun àti ọmọ onílé wa."

Ràbíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó bi í pé ẹni tó wọ àrán, tó fẹ̀yìn ti ògiri ńkọ́.

"Èyí tó dúró bí ère?" Ọlátúndé rẹ́rìn-ín. "A ò mọ̀ ọ́n o. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀."

Ó na igbá padà. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ tó fẹ́ gbà á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà.

Ràbíátù kí i kú ìrìn, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí àlejò lọ tán ni Ìyá Aláró wá jókòó tì í létí ìkòkò. Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló dé tí ayé fi ń bá ìyá náà wo ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo òun.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Èmi ń wá ọmọ mi. Ẹni tó bá ti wá ènìyàn rí yóò bá mi wá a. Ìwọ ní kí wọ́n wò ọ́, o sì fi ohun tí wọn ì bá fi mọ̀ ọ́ pamọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé e, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹwà tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn a máa kọjá lójú bí ẹyẹ. Òótọ́ tí a ń gbé lójoojúmọ́ ló ń dúró lọ́kàn ẹni tó wò ó. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ pamọ́ nítorí kí wọ́n lè rí i, kí ó má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá wá a tì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pọn omi, ó jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú aró. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ń kọjá níta. Òun àti Ìyá Aláró jọ gbé orí sókè, wọ́n wo ojú ọ̀nà.