Kẹ̀kẹ́ Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wọ́

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wọ ìsọ̀ Wáyà, èjìká ló gbé e lé. Táyà ẹ̀yìn kò yí. Irin rẹ̀ ti dógùn-ún, epo àti eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ.

"Àǹtí, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ gbé wá ni, àbí òkú ẹṣin?" ni Wáyà fi ṣàwàdà.

"Òkú ẹṣin ni," ó dá a lóhùn. "Ṣé ẹ lè jí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú Wáyà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tínínrín tí gbogbo àdúgbò ń fi ìrísí rẹ̀ pè é lórúkọ, ọkàn rẹ̀ fò sókè lọ́sàn-án gangan, kò sì padà sí ibi tó wà mọ́.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Òpópónà kejì ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Ó ṣàlàyé pé ọdún méjìlá ni kẹ̀kẹ́ náà ti fi wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn, láti ọjọ́ òjò tí bàbá òun gùn ún já sí gọ́tà, tó forí gba òkúta, tí kò sì dìde mọ́. Ní báyìí, oníṣòwò ohun àtijọ́ kan ti rí i. Ó ní òun máa rà á bó ṣe wà, lópin oṣù.

"Màmá mi ní kí n tà á, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ gùn ún. Ẹ bá mi wò ó. Tí kò bá ṣeé tún ṣe, mà á tà á."

"Ó ṣeé tún ṣe kẹ̀! Ẹ fún mi títí di òpin oṣù."

Bàbá Wáyà jókòó lórí àga onígi níwájú ìsọ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni nígbà kan, kò sì sí oníbàárà tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aránṣọ kí i. Bàbá wo kẹ̀kẹ́ náà, ó dìde, ó wọlé lọ láìdáhùn.

"Bàbá, kí ló dé?" Wáyà ké sí i.

"Òòrùn ti pọ̀ jù."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òjò ló ṣú.

Láti ọjọ́ náà, bí Aránṣọ bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Wáyà ló ń gbà. Òun ló ń na sípánà sí i, òun ló ń nu ṣéènì. Kò pẹ́ tí "Àǹtí" fi di "ọ̀wọ́n mi", tí "ẹ" fi di "o". Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ wá wo ọkùnrin náà, ó yí i po bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́.

"Ó tín-ín-rín o," ni ìyá wí, "ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń purọ́. Mo fọwọ́ sí i."

Inú Wáyà dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n àga bàbá rẹ̀ ṣófo níwájú ìsọ̀. Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ọmọ mi, sọ fún un kó tà á. Kẹ̀kẹ́ òkú kì í gbé alààyè dé ibi tó dáa."

Ẹ̀rù ba Wáyà, kò sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí oṣù parí, ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó fi sáńpépà ha á. Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá já sí gọ́tà, iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń wọ́. Iwájú ti èyí tọ́ bí àbẹ́là. Ẹ̀yìn ló wọ́, bí ìgbà tí nǹkan ńlá bá tì í láti ẹ̀yìn. Nínú kòtò ibi tó wọ́ náà, ọ̀dà kan wà tí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́: ó pupa, ó tún pọ́n bí ọsàn.

Wáyà gbójú sókè. Ọ̀dà kan náà wà lára ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló po ọ̀dà yẹn fúnra rẹ̀, kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà jọ ti ẹnikẹ́ni. Èyí tó ṣẹ́ kù ló fi kun ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ló sì ṣàdédé ta ọkọ̀ náà, ó ní ojú ń dun òun.

Ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin ni?"

Bàbá ní, "Òjò ń rọ̀. Mo gbọ́ 'gbà!' Mo rò pé ewúrẹ́ ni."

"Ẹ ò dúró?"

"Jẹ́ kó tà á, ọmọ mi. Tàbí kí o tún un ṣe. Lù ú ní hámà lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ibi tó wọ́ á tọ́. Èyí tó bá wù ẹ́ nínú méjèèjì, á tán síbẹ̀. Wà á fẹ́ ìyàwó ẹ, ẹ máa bímọ."

Kò sírọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n tà á, ẹ̀rí lọ. Bó tún un ṣe, ẹ̀rí lọ. Ìfẹ́ nìkan ni yóò kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Wáyà gbé hámà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e.

"Ọ̀wọ́n mi! Ṣé ó ti parí?" Aránṣọ ti wọlé, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. "Oníṣòwò yẹn ń bọ̀. Mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ mi yán an lójú!"

Wáyà lè purọ́. Irọ́ náà ti dé etí ètè rẹ̀.

"Wá wo ibí," ló sọ.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ibi tó wọ́. Aránṣọ ni, láti ọmọdé ló ti ń fi òwú wé aṣọ, ojú rẹ̀ kì í ṣi àwọ̀. Ó wo ọ̀dà náà. Ó rọra yí orí, ó wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ni ọ̀dà yìí?"

"Bàbá mi."

"Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná."

"Hámà wà lọ́wọ́ ẹ."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lù ú."

Oníṣòwò dé, ó fun fèrè ọkọ̀ níta. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n máa gbé e?"

"Ẹ máa lọ, sà," Aránṣọ dáhùn láìwẹ̀yìn. "A ò tà á mọ́." Ó kọjú sí Wáyà. "Jẹ́ kí táyà yí. Ìyẹn nìkan. Má fọwọ́ kan ibi tó wọ́."

Wáyà ṣe é, omi ń dà lójú rẹ̀ sára ṣéènì. Nígbà náà ni bàbá jáde. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Kì í ṣe ewúrẹ́ ni mo rò," ló wí. "Mo wo dígí ọkọ̀. Ó nawọ́ sókè sí mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ. Ọmọ mi, dákun..."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín," ni Aránṣọ dá a lóhùn.

Aránṣọ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Wáyà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ, bàbá rẹ ló máa pè ní bàbá. Ẹnu mi ò ní lè pè é."

"Mà á fi ilé sílẹ̀. Mà á bá ẹ lọ."

"Ojú ẹ ńkọ́, wà á fi òun náà sílẹ̀? Ojú ẹ jọ ti bàbá ẹ."

Ó gun kẹ̀kẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn ń ha irin, ṣẹ̀, ṣẹ̀, ṣẹ̀. Wáyà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fetí tẹ̀ lé e títí tó fi yà sí òpópónà kejì. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi èémí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.