Ẹní Òdòdó Tó Wà Láàárín Wọn

Nígbà tí Herlinda kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun. Lẹ́búlẹ́bú igi ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù yìí?" ó bi í.

"Wúńdíá Màríà ló ni ín. Àwa kàn ń bá a tẹ́ ẹ ni."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Sọ fún un fúnra rẹ. Ó kúkú ń bọ̀ lọ́la."

Herlinda wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí aró ti sọ di elésè àlùkò títí dé ìgúnpá, ó sì yára fi í pamọ́ sẹ́yìn. Kò fi ọwọ́ yẹn pamọ́ fún ọkùnrin kankan rí.

Ní ìlú Santa Quiteria, gbogbo ilé ló ń pa lẹ́búlẹ́bú igi láró nínú oṣù kẹjọ, tí wọ́n á fi ṣe ẹní òdòdó sójú títì de ìwọ́de Màríà. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn án kí Ìyá Wa tó kọjá. Ajá gan-an kò láyà. Herlinda ló ń ya ti àdúgbò wọn, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Fidencio ni orúkọ awakọ̀ náà. Ilé ìlagi orí òkè ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ẹrù ń gbé e wá. Ní ọdún kejì, ó gbé agolo kan lé Herlinda lọ́wọ́: lẹ́búlẹ́bú igi kédárì, tí ó sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Èyí ò nílò aró," ó ní. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, bíi tìẹ."

"Ẹlẹ́nu dídùn!" ni Herlinda wí. Ṣùgbọ́n kò da agolo náà sójú títì. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló gbé e sí.

Ní ọdún kẹta ni Fidencio ṣe àṣìṣe. Ó dá lọ tọrọ ọmọ.

Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àgbàlagbà ló ń ṣíwájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ni Fidencio dàgbà sí, kò mọ bàbá, kò mọ ìyá, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá Herlinda.

"Ṣé àkùkọ mi lo fẹ́ rà ni, tí o fi dá wá?" Bàbá Anselmo bi í.

"Mi ò ní ẹnì kankan, bàbá."

"Lọ́jọ́ tí o bá já ọmọ mi sílẹ̀ ńkọ́, ta ni kí n lọ bá? Lọ mú ènìyàn rẹ wá."

Ọdún tó tẹ̀lé e gùn jù fún Herlinda. Ọjọ́ Ìsinmi ni Fidencio máa ń pè é lórí fóònù.

"O ti jẹun?" Herlinda á bi í.

"Mo ti jẹ."

"Kí lo jẹ?"

"Ohùn rẹ ni mo ń jẹ lọ́wọ́ yìí."

Bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀, á ṣí agolo náà, á gbóòórùn rẹ̀, àárò ọkùnrin náà á sì mú un bí ẹni pé kò ní àdúrà mìíràn mọ́. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìlagi ti gbà láti bá Fidencio wá gẹ́gẹ́ bí bàbá. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ń sùn nìyẹn.

Ọjọ́ ìwọ́de pé. Fidencio ti já ẹrù lánàá, ó sì padà lọ pe bàbá ọlọ́dẹ; wọ́n ti tẹ́ ẹní tán kí ó tó dé, òdìkejì títì ló sì há sí. Òun nìkan ni. Herlinda wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, kò rí àgbàlagbà kankan.

"Orúnkún ti dá bàbá ọlọ́dẹ dúró sílé," Fidencio ké sí i.

"Kí ló wá gbé ìwọ wá?"

"Kí n ṣáà rí ọ."

Gbogbo àdúgbò yíjú sí wọn. Bàbá Anselmo ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Omijé bọ́ lójú Herlinda, kò sì nù ún.

Ẹnu ọ̀nà Màmá Crescencia ni Fidencio dúró sí. Opó ẹni ọgọ́rin ọdún ni, òun ni gbogbo ajá àdúgbò ń sá fún.

"Anselmo!" màmá pariwo. "Ta ló ni ọmọ yìí?"

"Ó ní òun ò ní ẹnì kankan, Màmá."

"Irọ́ ló ń pa! Ọdún kẹrin rèé tó ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà mi, tó ń jẹ tamales àgbàdo tí mo fi ewé dì, tó sì ń fọ abọ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo bí ò fọ abọ́ fún mi rí!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Anselmo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ojú títì kọ́ ni wọ́n ti ń tọrọ ọmọ, Màmá."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí Ìyá Wa kọjá ná."

Agogo dún, àwọn tó gbé ère Màríà sì yọ, èjìká wọn tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀. Ó yẹ kí Herlinda wo Màríà, ṣùgbọ́n àlàfo àárín àwọn agbérù ló ń wò. Ère náà bo Fidencio lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bí ère náà bá kọjá tán, òun lè má bá a níbẹ̀ mọ́.

Ó bá a níbẹ̀. Màmá Crescencia ti fa ìborùn ìsìn rẹ̀ borí, ó di apá Fidencio mú, àwọn méjèèjì sì ń rọra rìn bọ̀ lórí òdòdó tí ẹsẹ̀ ti túká.

"Anselmo, mo mú ọmọ mi wá," ni màmá wí. "Ó ń fẹ́ ọmọ rẹ. Bí ó bá já a sílẹ̀, èmi ni kí o wá bá."

Bàbá Anselmo dìde, ó wọlé. Herlinda tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí bàbá padà jáde, àga kan ló gbé lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún Màmá Crescencia, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò léjìká Fidencio, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí lo dúró ń wò?" ó ní. "Lọ gbé àga wá fún ọkọ rẹ."