Ààwẹ̀ Ọjọ́ Kẹjọ

"Àárín ni kó o jókòó sí, Wàsílá, kí ọkọ̀ ojú omi yìí má baà dà," ni Kabir, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wí ní etí omi Ìjẹ̀dẹ́. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Wàsílátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun ò ní jẹun mọ́.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, pé òun fẹ́ san ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó kù lọ́rùn òun. Ta ló máa bá ọmọ jà lórí ìyẹn? Kò jẹ sààrì. Bó bá ṣínu, omi àti dàbínù kan péré ni. Kò pẹ́ tí òtútù fi ń mú un nínú oòrùn. Ó ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí nǹkan kan dì mú, bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣejáde baọ́lọ́jì ti dé tán.

Láàárọ̀ ìdánwò náà, ọjọ́ kẹjọ ààwẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọjọ́ mélòó ni nǹkan oṣù ò jẹ́ kó o gbààwẹ̀?"

"Márùn-ún, màámi."

"Ààwẹ̀ ta lo wá ń gbà láti ìjẹta?"

Kó tó fèsì, òòyì gbé e ṣubú.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Ìbíjọkẹ́ fa omi sí i lára. Kò bá a wí. Ó ní ọ̀rá kì í ṣe ẹrù tó kàn jókòó sára; ó ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílẹ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ náà mọ́, bí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Bí ebi bá sì dé lójijì, iṣẹ́ náà á já wálẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn ti mú.

"Bí bátìrì fóònù rẹ bá fẹ́ tán, kí ló máa ń ṣe?"

"Iná ojú rẹ̀ á lọ sílẹ̀, mà."

"Ohun tí ara rẹ ń ṣe nìyẹn. Ó ń ṣọ́ agbára ná, ó sì ń wá oúnjẹ kiri. Kì í ṣe wọ̀bìà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Máa jẹun níwọ̀n, máa rìn, máa sùn dáadáa, kó o sì máa wá wọn ara rẹ lọ́dọ̀ mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wàsílátù wo aago ara ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ìdánwò tán. Tirẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ó sunkún títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Ìyá rẹ̀ ṣí abọ́ mọ́ínmọ́ín, ó gbé e sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù oúnjẹ kò tíì kúrò lára Wàsílátù.

"Jẹ ẹ́," ni Ṣẹ̀rífátù wí jẹ́jẹ́, "kí ara rẹ lè mọ̀ pé ìyàn ò mú nílé wa."

Ó jẹ ẹ́. Ó ti wá yé e pé ara kì í ṣe ọ̀tá tí à ń febi ṣẹ́gun. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.