Tábìlì Àjàṣẹ́

Bọ́ọ̀lù funfun náà kọ̀, kò dúró. Oyèníkẹ́ gbá a bó ṣe máa ń gbá a nílé, ó sì retí pé yóò ti bọ́ọ̀lù pupa sínú ihò, yóò wá rọra dúró sí àárín tábìlì. Ṣùgbọ́n ṣe ni bọ́ọ̀lù náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó kọlu etí tábìlì, ó ta padà, ó sì kó ara rẹ̀ sínú ihò. Àṣìṣe ńlá ni ìyẹn nínú sínúkà, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lórí tábìlì. Ọmọkùnrin Kútọnu tí wọ́n jọ ń gbá a mú ọ̀pá tirẹ̀, ó sì parí eré náà wẹ́rẹ́. Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Òjóóró ni!" Ọ̀gbẹ́ni Johnson, kóòṣì àwọn Oyèníkẹ́, ló fò dìde bẹ́ẹ̀. "Òjóóró pọ́ńbélé ni! Tábìlì yìí dagun! Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fọwọ́ kàn án lánàá, wọ́n wá ń pe èyí ní ìdíje!"

Ojú Oyèníkẹ́ pọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Agége ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, ọmọ Èkìtì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Oregun. Ilé-iṣẹ́ náà ní gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì máa ń gba àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ láàyè láti lò ó ní Sátidé. Tábìlì sínúkà tó wà níbẹ̀ ti gbó, aṣọ orí rẹ̀ ti họ, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ẹni tí kò bá fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní dé ibi kankan. Orí tábìlì yẹn ni Oyèníkẹ́ ti kọ́ eré náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, kọ́kọ́ gbọ́, ó figbe ta pé eré àwọn ọmọ ìta ni. Bàbá rẹ̀ ló ní, "Bó bá ti ka ìwé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀." Kò pẹ́ tí kò fi sí ọmọ tó lè nà án mọ́ ní Oregun.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá nígbà náà. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé ayé ìrẹ́jẹ ti dópin. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pe àwọn ọmọ Oregun wá sí ìdíje. Oyèníkẹ́ kò tíì kọjá ẹnubodè rí láyé rẹ̀. Ó wá kọjá ẹnubodè tán, wọ́n ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì tó dagun!

Ó jáde síta lọ bomi bọ́jú níbi ẹ̀rọ omi. Obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ìyáàfin Ràfíátù ni, alábòójútó gbọ̀ngàn náà, ẹni tó sanra díẹ̀ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́," ni obìnrin náà wí pẹ̀lú ohùn Yorùbá Àjàṣẹ́. "Kí ló dé tí ẹ ò wá fi ọwọ́ mọ tábìlì lánàá?"

Oyèníkẹ́ wò ó bí ẹni pé ó ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ tilẹ̀kùn mọ́ wa. Kóòṣì wa ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló tilẹ̀kùn? Èmi kọ́ o! Àárọ̀ ni mo ti ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ Kútọnu wá, àwọn ọmọ Lomé wá. Ọ̀gá yín dé ẹnu géètì, mo ní kí wọ́n kó yín wọlé. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ yín, ẹ fẹ́ lọ sùn. Oúnjẹ tí mo sè dè yín tutù síbẹ̀ ni."

"Wọ́n ní a fẹ́ lọ sùn?"

Oyèníkẹ́ rántí àná. Inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn wà nígbà tí kóòṣì padà wá láti ẹnu géètì, tó ní gbọ̀ngàn ti wà ní títì. Ó wá ní kí awakọ̀ máa gbé àwọn lọ sí ọjà Tókpá ní Kútọnu. Ibẹ̀ ló fi wọ́n sí nínú ọkọ̀, nínú oòrùn, kò sí omi, kò sí àkàrà, títí ó fi padà dé pẹ̀lú alábàárù tó ru ẹrù aṣọ gọbọi-gọbọi tẹ̀ lé e. Gbogbo ìyà yẹn, òwò ara rẹ̀ ló ń ṣe!

Inú tó ń bí Oyèníkẹ́ sí àwọn ará Àjàṣẹ́ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó kọjú sí ibòmíràn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wo tábìlì náà báyìí?"

Àwọn èèyàn ti lọ jẹun ọ̀sán. Ràfíátù ṣílẹ̀kùn fún un. Oyèníkẹ́ kò mú ọ̀pá. Ó fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù kan láti igun kan dé ìkejì. Bọ́ọ̀lù náà lọ gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó gbìyànjú láti ìhà kejì, bákan náà ló rí. Tábìlì náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Aṣọ tuntun ló wà lórí rẹ̀, aṣọ tuntun kì í sì í di bọ́ọ̀lù mú. Agbára Oregun kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló fẹ́. Ìdajì ọjọ́ kan péré ì bá ti tó àwọn láti mọ èyí. Omi bọ́ lójú Oyèníkẹ́, omi ìbínú ni.

Bó ṣe jáde, ó bá kóòṣì tó kó àwọn ọmọ yòókù jọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Àwọn tó ṣètò ìdíje fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ wa," ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson ń sọ. "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé a bẹ̀ wọ́n lánàá kí wọ́n jẹ́ ká wọlé, obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn sì lé wa bí ẹní lé ajá. Wọ́n á fagi lé èyí tí ẹ ti gbá, ẹ ó tún un gbá. Ṣó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

"Sà, kò yé mi," ni Oyèníkẹ́ wí. "Obìnrin yẹn ò lé wa. Tókpá la wà lánàá."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Oyèníkẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n gbá jù nínú àwọn wọ̀nyí. A ń lọ sí Gánà lọ́dún tó ń bọ̀. Orúkọ rẹ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Gbé ẹnu rẹ dákẹ́, má ba ara rẹ jẹ́."

Gánà! Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ta ni ọkàn rẹ̀ kò ní fà? Nígbà tí kóòṣì lọ tán, Olúgbénró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, sún mọ́ ọn.

"Oyè, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àjèjì làwọn wọ̀nyí. Ṣé o fẹ́ tà wá fún wọn ni?"

"Èmi ni mo tà yín, àbí ẹni tó ń sáré ra aṣọ kiri nígbà tí a ń yan nínú oòrùn?"

"Wàhálà rẹ ti pọ̀ jù," ni Olúgbénró fi dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n jókòó ìgbẹ́jọ́, alága àwọn tó ṣètò ìdíje, bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bi àwọn ọmọ Oregun léèrè. Olúgbénró dìde. Ó wo ilẹ̀, ó ní àwọn bẹ̀bẹ̀, àwọn sì rí i bí ìyá yẹn ṣe lé àwọn.

Alága kọjú sí Ràfíátù. "O ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, o ò lè tọ́jú gbọ̀ngàn yìí mọ́."

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Ràfíátù pátápátá. Obìnrin tó se oúnjẹ de àlejò ni wọ́n fẹ́ já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹrù aṣọ! Oyèníkẹ́ kò mọ ìgbà tó dìde.

"Irọ́ ni, sà. Wọn ò lé wa. A ò wá ni." Ó kọjú sí alága. "Ọjà la lọ. Tábìlì náà kò sì dagun. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ burúkú!" Ọ̀gbẹ́ni Johnson pariwo mọ́ ọn. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?"

Wọn kò fagi lé nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ti fìdí rẹmi bá ara wọn gbá a fún ipò kẹta. Oyèníkẹ́ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbá a, ó na ẹni àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin Lomé kan ló wá na òun náà, ó sì nà án dáadáa. Oyèníkẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó pàtẹ́wọ́ fún un. Láti Àjàṣẹ́ títí dé Agége, wọn kò bá a sọ̀rọ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Kí ó tó di ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn tí Ọ̀gbẹ́ni Johnson ń tàn kálẹ̀ ti gba gbogbo Oregun kan: ọmọ Ọlọ́runníyì dójú ti ilé-iṣẹ́ níwájú àjèjì, ó sì gbó ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn eré kò bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n kàn ní kó má fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn mọ́ àfi bó bá tọrọ àforíjì. Wọ́n pe bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó lọ kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Níkẹ́, lọ kúnlẹ̀, kí o ní kí wọ́n má bínú. Ká pa ọ̀rọ̀ yìí tì. Iṣẹ́ bàbá rẹ ńkọ́?"

"Màámi, kí ni mo ṣe?"

Bàbá rẹ̀ gbé orí sókè. "Ṣé o bú ọkùnrin náà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o parọ́ mọ́ ọn?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà máa bá ọ lọ ní Sátidé."

Ní Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún fún òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ wọn. Alága ìgbìmọ̀, Ìyáàfin Ọmọ́bọ́láńlé, ní kí Oyèníkẹ́ bọ́ síwájú. Oyèníkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Johnson. Ọkùnrin náà na ọrùn, ó ń retí ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Oyèníkẹ́ wí. "Mo kúnlẹ̀ nítorí pé ẹ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọrọ àforíjì pé mo sọ òótọ́. Ìyá kan se oúnjẹ dè wá, ẹ fẹ́ ká ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi wá sínú oòrùn, ẹ sì ní ká dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni kí n bẹ̀ yín lé lórí?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí!" ni obìnrin kan pariwo. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e jáde.

Olúgbénró dìde láàárín ariwo náà. Òógùn bò ó. "Èmi ni kí ẹ lé jáde," ló wí. "Èmi ni mo parọ́ ní Àjàṣẹ́. Gbogbo ohun tí Oyè sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kóòṣì ní àwọn máa kọ́kọ́ mú orúkọ mi fún Gánà."

"Èmi náà ńkọ́?" ni ọmọ kan wí lẹ́yìn. "Èmi ni wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ mú!"

"Èmi náà!"

Ìgbìmọ̀ ní kí Ọ̀gbẹ́ni Johnson jáde ná, wọn kò sì jẹ́ kó kó ọmọ kankan lọ síbì kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyáàfin Ọmọ́bọ́láńlé wá sáré ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí oníkálukú máa lọ sílé ní àlàáfíà.

"Kò tíì parí, mà." Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì ló dìde. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí o. Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi wá kúnlẹ̀ láìbi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó ti kúnlẹ̀. Ta ni yóò wá bẹ òun?"

Ìyáàfin Ọmọ́bọ́láńlé wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ń wo ibòmíràn. Ó dìde, ó rìn lọ bá Oyèníkẹ́ níbi tó ṣì kúnlẹ̀ sí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e dìde.

"Ọmọ mi, má bínú," ló wí. "Ó yẹ ká ti bi ọ́ léèrè."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀wọ̀ àgbà dára, ẹ má jẹ́ kó wọ́n lára yín. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ní kí ẹ bá òun ru irọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì kọ ẹrù rẹ̀ fún un. Bí ẹ bá sì fìdí rẹmi níbi tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin ni ẹ kò múra sílẹ̀, kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ẹni tó gbà yín lálejò.