Aṣọ Elése Àlùkò Lábẹ́ Aago Tasqueña

Aago tó wà lókè pèpéle ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Tasqueña ti kọjá márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Yaretzi ṣì dúró sábẹ́ rẹ̀ bí igi tí wọ́n gbìn. Ó gbá àpò ńlá kan mọ́ra. Àpò náà fẹ̀ ju òun alára lọ, nítorí aṣọ elése àlùkò tó ní yẹ̀rì oníwáyà ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti tú èrò sílẹ̀, àpò á gbá ẹnì kan nímú, onítọ̀hún á ṣépè, á kọjá.

"Ọmọ yìí, ṣé òkú lo dì síbẹ̀ ni?" Ọkùnrin kan tó ń kiri ṣingọ́ọ̀mù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹnu ẹ ni mo dì síbẹ̀," Yaretzi dá a lóhùn, kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Fóònù ló ń wò, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ sí i gbẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀: "Mo ti wà lọ́nà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Dúró dè mí lábẹ́ aago."

Bí àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára ṣe ń ṣe é nílùú Mẹ́síkò nìyẹn. Inú ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé oníbàárà, wọn kì í jáde kọjá irin ẹnu ọ̀nà, torí ẹni tó bá jáde á tún sanwó kó tó padà wọlé. Ọlọ́pàá ò sì fẹ́ rí ọjà títà níbẹ̀. Nítorí náà, olùtà àti olùrà á dì mọ́ra bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra gbẹ̀yìn, ọjà á bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, owó á bọ́ sápò ẹnì kejì, ó parí.

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó la apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ọkàn Yaretzi fò sókè. Òun náà la apá. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì lọ dì mọ́ arúgbó kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ pèpéle náà rí i. Ó rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta lò ń dúró dè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò níí wá."

"Ó ń bọ̀, sà. Ó ní òun ti wà lọ́nà."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ abẹ́ aago yìí," ni ọlọ́pàá wí. Kò tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí gan-an ló wá dun Yaretzi jù. "Mo mọ ojú ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá bá. Máa lọ sílé kí èrò tó pọ̀ jù."

Yaretzi tún tẹ fóònù. Àwòrán oníbàárà ti pòórá. Ojú òfìfo aláwọ̀ eérú ló kù síbẹ̀. Oníbàárà náà ti dí ọ̀nà mọ́ ọn, kò lè kọ̀wé sí i mọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ ni Karla Ivonne, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá Karla ni tàbí kì í ṣe Karla? Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ ọ́n, òkè Ecatepec kan náà, lẹ́yìn ìlú Mẹ́síkò, la jọ ń gbé.

Eulalia, ìyá Yaretzi, aránṣọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ elése àlùkò yẹn nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ orí tí wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ ńlá fún ọmọbìnrin níbẹ̀, ó sì to ìlẹ̀kẹ̀ sí i láyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ fi dógò kí wọ́n lè ra oògùn. Ara obìnrin náà ti yá báyìí, iṣẹ́ ń wọlé, ẹ̀rọ ni kò sí. Wọ́n ti bẹ ilé ìdógò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Wọn ò ní í sún un mọ́. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, tí wọn ò bá rà á padà, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ ẹ.

Aṣọ yẹn ló kù nílé tó ṣeé tà. Doña Remedios, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń yan tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, ní ẹsẹ̀ òkè, ní òun fẹ́ ẹ fún ọmọ òun, Dayanara, tí ayẹyẹ tirẹ̀ ń bọ̀. Iye tó dárúkọ tó láti gba ẹ̀rọ padà, kò lé, kò dín. Ó ní òun á san án ní ọjọ́ Jímọ̀ tí òun bá gba owó iṣẹ́.

"Ṣé o ò ní í tà á fún ẹlòmíràn?" ló bi Yaretzi.

"Doña Reme, ti yín ni. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló fi wí i. Àmọ́ ó ti gbé àwòrán aṣọ náà sójú ọjà ayélujára ṣáájú, kò sì yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni Karla Ivonne yọjú. Ó ní òun á san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó ṣáà gbé e wá bá òun ní Tasqueña. Yaretzi wo ojú fóònù rẹ̀ tó ti fọ́. Ó rò ó pé: ẹ̀rọ Màmá á padà wálé, gíláàsì tuntun á bọ́ sójú fóònù mi. Ta ni ìyẹn máa pa lára?

Doña Remedios kọ̀wé sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn: "Ọmọ mi, ṣé kí n wá lọ́la kí Dayanara wọ̀ ọ́ wò?" Yaretzi kà á, kò dáhùn. Ìyá náà tún kọ̀wé láàárọ̀ Tọ́sìdé. Kò dáhùn. Ó pè, kò gbé e. Nígbà tí Eulalia bi í léèrè, ó ní, "Doña Reme ní òun ò rà á mọ́, Mà. Mo ti rí ẹlòmíràn." Irọ́ náà já geere lẹ́nu rẹ̀ bí omi inú kẹ́ẹ̀gì.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà lọ sílé, ó pe Brisa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń ta àtíkè àti ohun ìkunètè lórí ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Èló ló fi sílẹ̀ kó o tó gbéra?" Brisa bi í.

"Kò fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Kò fi nǹkan kan sílẹ̀, o wá gbé aṣọ tó tó ilé ajá gba gbogbo ìlú kọjá? Yaretzi, ṣé orí ẹ pé? Ẹni tí ò bá san àsansílẹ̀, ìran ló ń wò!"

"Mo bẹ̀rù pé tí mo bá ní kó fi owó sílẹ̀, á sá lọ."

"Kó sá lọ nígbà yẹn, kì í ṣe nígbà tó o ti dé Tasqueña! Wò ó, sun ún. Gbé orúkọ ẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i."

"Sísun" ni wọ́n ń pè é: wọ́n á gbé orúkọ àti àwòrán oníbàárà burúkú sójú ẹgbẹ́ àwọn olùtajà lórí ẹ̀rọ, gbogbo èèyàn á sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Yaretzi kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ṣọ́ra fún obìnrin yìí. Ó ṣèlérí, ó sì já mi jù sílẹ̀ lábẹ́ aago Tasqueña. Ẹni tí kò lè mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ, kì í ṣe èèyàn."

Àwọn olùtajà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. "Pẹ̀lẹ́, àbúrò." "Ojú ń ti ilẹ̀ fún irú wọn." "Ọlọ́run á san án fún un." Ara ń tù ú díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti ń kà á ló ti bá ọ̀rọ̀ Dayanara pàdé, lábẹ́ gbogbo wọn, lójú gbogbo wọn:

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó o ní aṣọ náà ti di ti èmi, tí màmá mi pè ẹ́ tó o ò gbé e? Ṣé èèyàn nìwọ?"

Kò sẹ́ni tó tún sọ pẹ̀lẹ́ mọ́. Ẹnì kan fi ẹ̀rín síbẹ̀. Òmíràn ní, "Áà, ọ̀rọ̀ wá di báyẹn?" Yaretzi gbìyànjú láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọkọ̀ ti wọ inú ihò, nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ, ojú fóònù tó sán kò sì gbọ́ràn sí ìka rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó.

Kò yà sílé. Pẹ̀lú àpò náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Doña Remedios.

"Ẹ káalẹ́, Doña Reme. Mo gbé aṣọ wá. Iye tẹ́ ẹ dárúkọ ni. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ fẹ́ dín in kù, mo gbà."

Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Yaretzi ìbá fẹ́ kó pariwo.

"Ọmọ mi, mo ti háyà aṣọ fún Dayanara lọ́sàn-án òní. Owó iṣẹ́ tí mo gbà, ó ti wọ ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọn kì í dá a padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀rọ màmá mi ni. Ọ̀la ni ilé ìdógò máa tà á."

"Mo mọ̀. Ìyá ẹ ti sọ fún mi nígbà yẹn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ra aṣọ yẹn nìyẹn. Ṣé o rò pé mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń háyà aṣọ?"

Láti inú yàrá, Dayanara kígbe: "Màmá, ẹ ti ilẹ̀kùn! Ẹ jẹ́ kó lọ dúró sábẹ́ aago!"

"Pa ẹnu mọ́, ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó wo Yaretzi títí. "Ká ní o sọ fún mi pé o rí ẹni tó máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, mi ò bá bínú. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa pè." Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò sí ibi tó tún lè gbé irọ́ náà sí. Eulalia gbọ́ ọ tán, ó na aṣọ náà jáde nínú àpò, ó sì gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó má baà run.

"Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà láyà aṣọ yìí, èmi ni mo rán an mọ́ ọn," ló wí. "Mi ò rán irọ́ mọ́ ọn. Ìwọ lo rán ìyẹn."

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìdógò. Wọ́n gbé owó díẹ̀ tí wọ́n yá lọ, àti òrùka Eulalia. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbé òrùka náà sórí òṣùwọ̀n, ó mi orí.

"Kò tó, mà."

"Ẹ bá mi fi sílẹ̀ di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi. Mo bẹ̀ yín."

"Mà, ká ní tèmi ni. Ìlànà ni."

Wọ́n jókòó sórí àga onírin níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pé, bíi pé jíjókòó lásán lè yí nǹkan padà. Nígbà tí ọ̀sán pé, ọmọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde láti ẹ̀yìn, ó nù ún, ó lẹ iye owó mọ́ ọn lórí, ó sì gbé e sójú fèrèsé láàárín gìtá kan àti ẹ̀rọ ìlọta. Eulalia dìde, ó sún mọ́ fèrèsé. Òwú elése àlùkò díẹ̀ ṣì wà lára abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó wò ó, ó yíjú, ó ní, "Ó yá, ká máa lọ."

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ránṣọ báyìí lẹ́nu fèrèsé ilé wọn. Iṣẹ́ tó máa ń parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti di iṣẹ́ odidi ọjọ́, àwọn oníbàárà sì ń gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yaretzi ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín pé mò ń wàásù. Ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ. Karla Ivonne burú, mi ò ní kó má burú, ẹ má sì gbé ọjà yín dé òpin ìlú fún ẹni tí kò san àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Karla ló gbé ẹ̀rọ yẹn sójú fèrèsé. Kí Yaretzi tó dé abẹ́ aago ló ti pàdánù rẹ̀, lọ́jọ́ tó ka ọ̀rọ̀ Doña Remedios tó sì dákẹ́. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ìlérí tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ mú un ṣẹ. Bí kò bá ní í ṣeé ṣe, ẹ la ẹnu sọ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù tó sán yẹn dún lórí tábìlì. Ẹnì kan tí kò ní àwòrán lójú ló kọ̀wé nípa aṣọ elése àlùkò:

"Ṣé ó ṣì wà?"

Eulalia kò gbé orí sókè nídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Dá a lóhùn," ló wí. "Má jẹ́ kó máa dúró."